Ọjọ́ Kẹjọ Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, Agége ni a ń gbé, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé àwọn àgbà ìgbà yẹn kì í fẹ́ sin òkú ní Àbámẹ́ta. Wọ́n ní òkú tí a bá sin lọ́jọ́ náà yóò pe méjì sí i.

Ìyá bàbá mi ti kú láti bí oṣù mélòó kan nígbà tí ibà dá àbúrò mi obìnrin dùbúlẹ̀. Ibà náà kò lọ. Ni obìnrin kan tí a jọ ń gbélé bá bi ìyá mi pé:

"Ìyá Àgbà yẹn, ọjọ́ wo lẹ sin wọ́n? Ṣé kì í ṣe Àbámẹ́ta ṣá?"

Kò sẹ́ni tó rántí. Ṣíìfù òru ti da ọjọ́ rú mọ́ bàbá mi lójú. Ẹkún nìkan ni ìyá mi rántí. Ọjọ́ tí a ṣe àdúà fídáù ọjọ́ kẹjọ òkú náà ló dá wa lójú. Ọjọ́ Àìkú ni, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá mi ló wá to àga, ọjọ́ ìsinmi wọn sì nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló ń lọ sílé-ìwé nínú wa. Ó fi ìka kà á sẹ́yìn láti Àìkú. Àbámẹ́ta, ení; Ẹtì, èjì. Ó kà á dé ẹ̀jọ. Àbámẹ́ta ni.

Ìyá mi gbé àbúrò mi mọ́ra. Èmi sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ìyẹn kà: àbúrò mi ni ìkejì. Ta ni ìkẹta? Mo ń wo ojú oníkálukú.

Bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, òwú ṣì wà nírun rẹ̀. Wọ́n rò fún un.

"Tún un kà kí n gbọ́."

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe dárúkọ Àbámẹ́ta, bàbá mi gbá a lọ́wọ́ mú.

"Dúró! Bí a bá ní ọjọ́ kẹjọ, a kì í fo ọjọ́ tí a wà. Àìkú gan-an ni ení. Àbí tíṣà yín kì í ka ẹni tó dúró níwájú ni?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jọ bọ́ sí Àìkú. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Àbúrò mi ń tajà ní Abúlé Ẹ̀gbá di òní.

Lónìí, ẹ ó kàn tẹ fóònù yín, ó ti sọ ọjọ́ fún yín. Àbámẹ́ta gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ń sìnkú, torí ọjọ́ náà ni èrò ráyè. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni ìyàwó mi kú. Ẹ̀sìn wa kò ní ká dá òkú dúró. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọmọ mi kò rí nǹkan kan sí i, n kò sì sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá wúkọ́, mo máa ń tún ọjọ́ náà kà. Àbámẹ́ta ló ń jẹ́. Bàbá mi kò sì sí mọ́ tí yóò gbá mi lọ́wọ́ mú.