Ojú Méjì Owó Idẹ Éfésù

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Adjamé, àdúgbò kan ní Abidjan, fẹ́ da àmì-ẹ̀yẹ idẹ fún àwọn ìyá àgbà inú ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí èmi, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì, kọ ọ̀rọ̀ tí yóò wà lára rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ti àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Abidjan."

Alága wa, Alhájì kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Roxy, tó máa ń pè mí ní Mẹ̀tírì, ìyẹn olùkọ́, mi orí.

"Mẹ̀tírì, ẹ jẹ́ ká ya erin tó jẹ́ àmì Côte d'Ivoire sí i, kó tán síbẹ̀. Ibí la bí àwọn ọmọ wa sí. Kí ẹnikẹ́ni má tún bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti wá."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù yé mi. Kò sí ilé kan láàrin wa tí wọn kò tíì bi ní ìbéèrè yẹn. N kò bá a jiyàn. Mo mú owó idẹ kan jáde lápò, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan rà fún mi ní Tọ́kì. Ẹ̀dà ni o, kì í ṣe ojúlówó. Orí ọba Róòmù wà lójú kan. Ní ojú kejì, òrìṣà obìnrin ìlú Éfésù ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà Gíríìkì tó túmọ̀ sí "ti àwọn ará Éfésù".

"Àwọn ará Róòmù ò mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni," Alhájì wí.

"Wọ́n mọ̀, Alhájì. Abẹ́ Róòmù ni Éfésù wà, ó sì ń san owó orí. Ṣùgbọ́n owó idẹ tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì àti ẹja lọ́jà, ìlú fúnra rẹ̀ ló ń rọ ọ́. Àwọn ará Éfésù ò fi ọba pamọ́, wọn ò sì fi ara wọn pamọ́."

Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dá sí i. "Àbí orí tiyín lẹ fẹ́ ká yà síbẹ̀, Alhájì? Kò lè gbà á o."

Alhájì fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì gbà pé ká fi méjèèjì sí i.

Alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò Abobo ló dà á: erin lójú kan, ọ̀rọ̀ wa lójú kejì. Lọ́jọ́ tí a pín in, àlejò kan láti mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, gbé ọ̀kan lọ́wọ́, ó bi Alhájì ní Faransé pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Orúkọ wa ni," Alhájì dá a lóhùn, ó nà ró. "Erin yẹn náà, tiwa ni."

Ọkùnrin náà ní ó wu òun láti ní ọ̀kan. Alhájì ní ó dùn òun, àwọn ìyá nìkan ló wà fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kọ́gbọ́n: ẹ bu ọlá fún ilẹ̀ tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì kọ orúkọ yín síbẹ̀ ní èdè yín.