Orúkọ bàbá mi lórí wífì

Ẹ gbọ́ ohun tí wífì fojú mi rí ní Bantè! Ẹ̀yin ẹ máa rẹ́rìn-ín o, èmi sunkún.

Rafatu, àbúrò mi, bí ọmọkùnrin sí Cotonou. Ẹsẹ̀ màmá wa kò gba ìrìn àjò mọ́. Mo ní kò burú, wọn á wo ìsọmọlórúkọ lórí tẹlifóònù tuntun tí Rafatu ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo ra rútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, ní Savalou níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo gbé e dé ilé wa ní Bantè.

Rútà yìí ní wífì méjì nínú. Ọ̀kan ń lọ jìnnà, kò kàn yára. Èkejì yára gan-an, àmọ́ ògiri amọ̀ lásán ló ń dá a dúró. Orúkọ bàbá wa tó ti dolóògbé ni mo fún wọn: Buraima 1, Buraima 2. Mo tún fi orúkọ náà pamọ́ kí àwọn aládùúgbò má baà rí i. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé fún màmá, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Mo padà sí Savalou kí tẹlifóònù náà tó dé, mo ń yangàn!

Ṣé ẹ rí i, láti àwọn ọdún 1990 tí mo ti gbọ́njú, "Bàbá Súlè" ni màmá ń pe bàbá. Èmi ni Súlè. Ṣé obìnrin ilé wa á máa pe orúkọ ọkọ rẹ̀ ni? Kí ló dé tí n kò rò ó?

Láàárọ̀ ìsọmọlórúkọ, Safi aránṣọ, ìyàwó tuntun ládùúgbò wa tó wá bá màmá tan tẹlifóònù náà, pè mí.

"Àlóò, bùrọ̀dá! Màmá ní orúkọ ọkọ àwọn ni kí n tẹ̀, àwọn ò sì lè pè é. Àlùfáà ti jókòó ní Cotonou o!"

Mo ní kó gbé fóònù fún màmá. Mo bẹ̀ wọ́n pé bàbá ti kú, ta ni yóò bínú?

"Súlè, ṣé torí pé wọ́n ti kú ni n kò fi ṣe ìyàwó wọn mọ́?"

Mo ní kí wọ́n dá fóònù padà. Mo yára sọ orúkọ náà fún Safi. Ó tẹ Buraima 2, kò dé yàrá màmá. Mo ní kó tẹ ìkíní. Ó wọlé!

Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ látorí fóònù Safi nìyẹn: àlùfáà ní orúkọ ọmọ ni Buraima. Rafatu ò sọ fún ẹnì kankan nínú wa! Màmá bú sẹ́kún. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ ohùn wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀."

Mo ti yí orúkọ wífì padà sí Ilé Wa. Kí ẹ tó sọ nǹkan lórúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹni tí yóò máa pè é.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni màmá yín ń pe bàbá yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ kà á fún màmá mi.