Èdè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yàn

Ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun lè mú kúrò. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì wọn fi ń bá àwọn oníbàárà ra ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, tí wọ́n sì fi ń bá wọn tà á. Òun ló kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Síì ló fi kọ ọ́, èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń yára bí iná, àmọ́ tí àṣìṣe bíńtín nínú rẹ̀ lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì náà. Bí ètò yẹn bá ti ṣe bí ẹni fẹ́ wúkọ́ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ni wọn ó pè. Wọ́n pè é níbi ìsìnkú bàbá wa, ó sì gbé e! Díẹ̀ ló kù kí n gba fóònù náà sọ nù.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá wọn fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kún ètò náà, kó lè máa ta ìpín fúnra rẹ̀ bí owó rẹ̀ bá já wálẹ̀ dé ibi tí oníbàárà sọ. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi mú èdè tí wọn ó fi kọ ọ́. Bó bá mú Páítọ́nì, tí gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gbọ́, wọn ó gbà á ṣe, òun ó sì gba ìsinmi wá sọ́dọ̀ wa. Bó bá mú Síì, òun nìkan ni yóò kọ ọ́, iṣẹ́ oṣù méjì ó kéré tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún màmá wa. Ojú kan ti lọ pátápátá, dókítà ò sì fọwọ́ sọ̀yà lórí èkejì. Ohun tí màmá ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí àkọ́bí òun wá jókòó síwájú òun, kóun wò ó dáadáa, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú náà.

“Páítọ́nì ni jàre,” ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú. “Wọ́n ní ó ń falẹ̀. Ta ló ń lé wa? Kí ìròyìn ọjà kan tó tẹ̀lé òmíràn dé ọ̀dọ̀ wa gan-an, èdè méjèèjì á ti ṣe tán, wọ́n á ti máa sùn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún màmá pé ó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, níbi ìpàdé ọ́fíìsì wọn, ẹ̀gbọ́n mi ò tíì lanu tí ọmọbìnrin kan tó gbaṣẹ́ lọ́dún tó kọjá fi ní, “Ẹ má bínú o, mà. Ẹ jẹ́ ká kúkú da ti àtijọ́ yẹn nù, ká tún gbogbo ẹ̀ kọ. Ó ti rí jágbajàgba jù.”

Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. Ó dìde, ó ka gbogbo ọdún tí ètò náà ò já wọn kulẹ̀, ó ròyìn bí Síì ṣe ń yára tó, ó ń fi ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò gbà gbọ́ jà, títí ọ̀gá fi gbà.

“Ó dáa, Síì la ó lò. Ẹ̀yin náà lẹ ó kọ ọ́, mà. Ìsinmi ó dúró ná títí ẹ ó fi parí.”

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó ló ti mọ ohun tó ṣe.

Nígbà tó pè mí, mo bi í bóyá wọ́n fipá mú un ni. Mo fẹ́ kó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n lè rẹ́ni bú.

“Kò sẹ́ni tó fipá mú mi,” ó ní. “Ẹnu mi yìí náà ni.” Àárẹ̀ tó wà nínú ohùn rẹ̀ ò jẹ́ kí ìbínú mi ríbi gúnlẹ̀ sí.

Mo gbé fóònù fún màmá. Màmá gbọ́ ọ títí. “Kò burú, ọmọ mi. Iṣẹ́ ni. Ṣé o rí i, wọn ò lè ṣe é láìsí ẹ.” Ó ń fi í yangàn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí n bá òun wá fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi kan, kó jẹ́ èyí tó tóbi. Èyí tó tóbi jù nílé ni èyí tó yà lọ́jọ́ tó gboyè jáde, ó ti lé lógún ọdún. Màmá gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé, ó sún un mọ́ ojú rẹ̀ tó kù.