Bọ́ọ̀lù Tó Gba Àárín Kọjá

Bí ẹ bá dé Kessler Mills, ní ìwọ̀-oòrùn Ohio, tí ẹ béèrè Jolene Bruggeman, ọmọdé pàápàá á júwe ilé rẹ̀ fún yín, torí òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó wọn lọ sílé ìwé láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Obìnrin náà kì í fi nǹkan ṣòfò. Ọ̀rá búrẹ́dì, á fọ̀ ọ́, á sá a, á tún fi di oúnjẹ lọ́jọ́ kejì. Kóòtù òtútù tó ń wọ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀ kó tó lọ́kọ. Àwọn ará ìlú a máa ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí Jolene bá sín, á tọ́jú rẹ̀ dìgbà òtútù, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń fọ ọ̀rá yìí kan náà ló san irinwó dọ́là fún ọ̀pá ìgbábọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀. Ọ̀pá kan o! Ọmọ ọdún méjìlá ló fẹ́ lò ó, bó bá sì ga sí i lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún ra òmíràn.

Tate lorúkọ ọmọ náà, òun nìkan sì ni Jolene àti ọkọ rẹ̀, Curt, bí. Ó mọ bẹ́sìbọ́ọ̀lù gbá, ká má parọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló kọ́kọ́ ń bá gbá, lórí pápá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ panápaná, àádọ́rin dọ́là fún odidi ọdún, wọ́n á sì fún un ní ẹ̀wù àti fìlà lé e. Ibẹ̀ ni Dettweiler ti rí i. Dettweiler yìí ni kóòṣì ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ooru. Ó pe Jolene sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Ọlọ́run fún ọmọ yìí lẹ́bùn. Ẹ sọ fún ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bùn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á rántí béèrè iye.

Bó tiẹ̀ béèrè, ta ni ì bá mọ iye? Owó náà kì í wá lẹ́ẹ̀kan. Owó ẹgbẹ́ wà lóṣooṣù, owó ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́tọ̀ wà, ti epo mọ́tò wà. Bí wọ́n bá dé ibi ìdíje, òbí á san dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Jolene tó bí ọmọ, tó wà á wá, tó fọ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, á tún sanwó kó tó rí i! Wọn ò sì ní jẹ́ kó gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ wọlé, kó lè baà ra sọ́sééjì inú búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn ní dọ́là mẹ́jọ. Curt ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ọkà pa mọ́ sí. Ó ń fi Sátidé àti Sọ́ńdè ṣe àfikún iṣẹ́ kí owó bọ́ọ̀lù lè pé, nítorí náà, kò tíì fojú rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún yẹn, tọkọtaya náà ti sọ ọ́ fún ara wọn pé agbára ti ń tán. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ti dákẹ́ látinú oṣù kẹta, ẹgbẹ̀ẹ́dógún dọ́là ni wọ́n sì fi pa mọ́ láti ra tuntun kí òtútù tó dé. Ìdíje ìlú Marlow, ní Indiana, ló kù níwájú. Ẹgbẹ́ tó bá borí níbẹ̀ á lọ Florida lóṣù kẹjọ, fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀bùn ẹni tó borí nìyẹn o, pé kó tún lọ ná owó míì. Jolene ṣírò Florida lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì dín sí iye owó ẹ̀rọ yẹn. Àmọ́ ta ló fẹ́ wo ojú Tate kó sọ pé kò ní lọ? Ẹnu Curt ò gbà á, ti Jolene náà ò gbà á.

Òfin kan tún wà. Àwọn tó ṣètò ìdíje ló ń yan òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ti sọ pé bí ìdílé ò bá sùn síbẹ̀, ọmọ ò gbá. Jolene ka ìwé òfin náà, ó kà á dópin. Irinwó dọ́là ó lé méjìdínlógún fún alẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n Àǹtí Verna, àbúrò ìyá rẹ̀, ń gbé ní Marlow gan-an, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti ilé rẹ̀ dé pápá, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló sì ṣófo nínú ilé náà. Jolene wá sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn tí kò léèyàn nílùú ni òfin ń bá wí. Ilé ẹbí kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì, ta ló máa fìyẹn bá a jà? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n sùn sílé àǹtí lálẹ́ Fúráìdè, wọ́n jẹ pankéèkì láàárọ̀ Sátidé, inú rẹ̀ sì dùn sí ọgbọ́n ara rẹ̀.

Sátidé yẹn dára. Ẹgbẹ́ wọn gbá méjì, wọ́n borí méjèèjì. Àṣé ayọ̀ náà kò ní ju wákàtí kan lọ. Dettweiler pe gbogbo òbí jọ síbi ọgbà wáyà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní àwọn aṣètò ti ka yàrá. Ìdílé méjìlá ló wà nínú ẹgbẹ́ wọn, ó kéré tán kí wọ́n gba yàrá mọ́kànlá, mẹ́wàá ni wọ́n bá. Bí ìkọkànlá ò bá yọjú kó tó di aago méje, wọ́n ti lé ẹgbẹ́ náà kúrò nìyẹn, kò sí ìdíje Sọ́ńdè fún ọmọ kankan.

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Jolene wo àwọn ọmọ tó jókòó sórí koríko lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń mu omi, tí wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

Ó ní, "Èmi ni, kóòṣì. Ilé àǹtí mi la sùn. Ẹ má bínú. Owó yàrá yẹn ni mi ò ní."

Vance Pruitt, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, wúkọ́. Vance yìí ló ní píkọ́ọ̀pù dúdú tuntun tí gbogbo òbí yòókù ń fojú ìlara wò, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ bí wọ́n bá ní kí wọ́n dáwó.

Ó ní, "Kì í ṣe Jolene nìkan. Inú mọ́tò lèmi àti ọmọ mi sùn lánàá. Níwájú ilé ìtajà."

Obìnrin kan tó dúró nítòsí jókòó sílẹ̀ gbì, ó ní káàdì báńkì mẹ́ta ni òun fi gba yàrá tòun, nítorí kò séyìí tó lè dá a san. Òmíràn bú sẹ́rìn-ín, ó tún fọwọ́ bo ojú. Dettweiler ṣí fìlà, ó tún un dé. Ọdún mẹ́ta ni àwọn èèyàn wọ̀nyí fi jókòó pọ̀ lórí àga onírin kan náà, tí kálukú ń ṣe bí ẹni tówó ò jọ lójú, torí ó rò pé àwọn yòókù ní in.

Yàrá kan ṣoṣo ló kù kí ó pé. Jolene wa mọ́tò lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ó san igba dọ́là ó lé mẹ́sàn-án fún alẹ́ kan, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ náà lé Vance lọ́wọ́.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì ti wà fún wa. Ẹ lọ na ẹ̀yìn yín."

Vance ní òun á san án padà. Jolene bi í pé ta ló bi í léèrè. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé Àǹtí Verna, Tate jókòó lẹ́yìn mọ́tò, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Mọ́mì, Florida jìnnà ju ibí lọ, àbí?"

"Ó jìnnà."

"Yàrá ibẹ̀ ńkọ́? Mélòó ni?"

Jolene ní kó jẹ búrẹ́dì rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n borí láàárọ̀, wọ́n sì bọ́ sí àṣekágbá. Ó di ìparí. Ẹgbẹ́ kejì fi àmì ẹyọ kan ju àwọn Jolene lọ, ọmọ ẹgbẹ́ Tate méjì ti wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń retí ẹni tó máa gbá wọn wọlé, Tate ló kàn láti mú ọ̀pá. Bí bọ́ọ̀lù tó dára bá kọjá lára ẹni tó mú ọ̀pá lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti jáde, bí Tate bá sì jáde, eré ti parí. Méjì ti kọjá. Ó ku ẹyọ kan. Jolene dìde, ó di wáyà ọgbà mú. Ní àkókò yẹn, láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan yọ́ jáde nínú ọkàn rẹ̀.

Olúwa, jẹ́ kó tàsé.

Irú ìyá wo nìyẹn? Kó tó lè kó àdúrà náà padà, bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀. Àárín gbùngbùn ló gbà wá, irú èyí tí Tate lè gbá lójú oorun. Tate ò mira. Bọ́ọ̀lù gba iwájú rẹ̀ kọjá, rẹfirí sì gbé ọwọ́ sókè. Ó parí.

Àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́ ìtùnú. Dettweiler gbá ọmọ náà lórí jẹ́jẹ́, ó ní irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo èèyàn. Ohun tó ń ya Jolene lẹ́nu ni pé Tate ò sunkún. Tate, tó máa ń sunkún bí wọ́n bá borí rẹ̀ nínú eré káàdì nílé!

Wọ́n ti wà lójú títì, àgbàdo lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì, nígbà tí Jolene bi í bóyá bọ́ọ̀lù yẹn ti yára jù.

Tate ní, "Rárá. Mo rí i."

"O rí i?"

"Mo rí i dáadáa, Mọ́mì. Bí mo bá gbá a, a máa lọ Florida nìyẹn." Ó wo ojú fèrèsé. "Ẹ̀rọ ilé ò sì ṣiṣẹ́ mọ́."

Jolene yà sí ilé epo tó kọ́kọ́ rí, ó pa mọ́tò, ó sì sunkún. Pé wọ́n pàdánù kọ́ ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé àdúrà rẹ̀ gbà, ọmọ rẹ̀ ló sì gbà á fún un. Ó ronú pé òun lè fi ti òun pa mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti sọ tirẹ̀.

Ó ní, "Èmi náà gbàdúrà pé kó o tàsé."

Tate yíjú sí i. Ó wò ó títí. "Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́. Má bínú, ọmọ mi."

Tate ro ó. "Àwa méjèèjì la jọ tàsé nìyẹn," ló wí, ẹ̀rín fẹ́ gbé e. Omijé sì wá bọ́ lójú òun náà nígbẹ̀yìn.

Jolene pe Curt níbi iṣẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ ti àdúrà sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò ti tán, pápá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ panápaná ni Tate á padà sí bó bá di oṣù kẹsàn-án. "Mo fẹ́ kó máa gbá a níbi tí mi ò ti ní máa bẹ Ọlọ́run pé kó tàsé."

Curt béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gbá a níbẹ̀. Jolene ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni.

Curt ní òun kì í ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.