Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Mí Dí Àlàfo ní Òkè-Àdó

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn tó máa ń mú àwọn èèyàn rìn kiri àwọn ilé tíátà àtijọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, láti Òkè-Àdó títí dé Dùgbẹ̀, òun á sì máa sọ ẹni tó ṣeré níbí àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, inú ẹgbẹ́ eléré kan náà ni a jọ wà. Mo tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń fi ṣe olorì. Òun ló ń ṣe ọba. Títí di òní, Olorì ló ń pè mí, Kábíyèsí ni èmi náà ń pè é.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ní kí n wá bá òun rìn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn ìrìn àjò mọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n jí mi gbé lọ́nà Òkè-Ọdẹ, níbi tí mo ti ń ra iṣu tí mo ń tà ní Òmù-Àrán.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa inú igbó yẹn. Ohun kan ṣoṣo ló kan ìtàn yìí: mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n fi aṣọ dì mí lójú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ èdè wa bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé gan-an. Ọkùnrin kan tó máa ń bá wa gbé iṣu sínú ọkọ̀ lọ́jà ni. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó ń wojú mi bóyá mo dá òun mọ̀. Mo wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ọ̀gá wa nínú ẹgbẹ́ eléré máa ń sọ pé ojú ló ń tú àṣírí òṣèré, kì í ṣe ẹnu. Ojú mi kò tú àṣírí kankan lọ́jọ́ náà. Ohun tó jẹ́ kí n wà láàyè nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fi mí sílẹ̀, ẹbí wa fẹnu kò láti máa sọ pé àìsàn ló gbé mi lọ sí Ìlọrin. A kò ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa tí a máa ń jó lọ síwájú pẹpẹ bí ewúrẹ́ wa bá bí ìbejì. N kò lọ bá ọlọ́pàá, torí ẹni tí mo mọ̀ yẹn nìkan kọ́ ló wà nínú igbó, n kò sì mọ àwọn yòókù. Ọkùnrin náà ṣì wà lọ́jà, á máa kí mi: "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Ara ti le?" Màá ní, "A dúpẹ́, àbúrò."

Ìyàwó mi mọ̀ pé mo dá a mọ̀. Ẹnì kejì tó mọ̀ ni Kábíyèsí. Ó wá kí mi nílé, mo sì sọ ọ́ fún un lẹ́yìnkùlé, ó sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Olorì, ó ti wọ ilẹ̀."

Ìyàwó mi ló ní kí n lọ sí Ìbàdàn. "Lọ, kó o lọ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

A kò pọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àti obìnrin kan tó ti òkè òkun dé, tó dé fìlà. Ilé àkọ́kọ́ ti di ṣọ́ọ̀ṣì, pẹpẹ wà níbi tí ìtàgé wà tẹ́lẹ̀. Nínú ìkejì, táyà ni wọ́n ń tà. Kábíyèsí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn ọba ké, "Ta ló wà nínú ààfin mi?" Ẹnì kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún pé, "Kábíyèsí, táyà iwájú ni àbí tẹ̀yìn?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ọkùnrin yìí," Kábíyèsí ní, ó nàka sí mi. "Olorì mi nìyẹn."

"Háà! Olorì onírùngbọ̀n!" Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Wàhálà ààfin ló jẹ́ kó hù," mo dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti pa èèyàn lẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ilé kẹta ni èyí tí Kábíyèsí ti ń ṣèlérí láti àárọ̀, gbọ̀ngàn tó tóbi jù. Ihò tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n àgádágodo wà lára géètì, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò sì dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. "Onílé ní kí n má ṣí i fún ẹnikẹ́ni." Kábíyèsí bẹ̀ ẹ́ títí. Oòrùn ń pa wá. Àwọn kan ti ń tẹ fóònù. Obìnrin onífìlà béèrè pé, "Ṣé ògiri yìí náà la rìn wá wò?"

Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tiwa, bí jẹnẹrétọ̀ bá kú láàárín eré, ẹni tó bá wà lórí ìtàgé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òǹwòran dákẹ́. Á sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, á sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, ohunkóhun tó bá sáà ti wà lọ́wọ́, títí iná á fi dé. Dídí àlàfo là ń pè é. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Kábíyèsí. Mo rí i tó ń yíjú kiri, tó ń wá ohun tí yóò lò. Ojú rẹ̀ dúró lórí mi.

"Ẹ fi gbọ̀ngàn sílẹ̀," ó ní, "ẹ wo èèyàn. Eré tó dùn jù tí mo gbọ́ láyé mi, inú igbó ni wọ́n ti ṣe é."

Mo mirí sí i. Ó rí mi. Ó ń bá a lọ. Ó sọ ti ọ̀nà, ó sọ ti aṣọ, ó sọ ti ohùn. "Ó mọ̀ ọ́n o! Ẹni tó ń bá a gbé iṣu lọ́jà! Ó sì wò ó báyìí." Ó ṣe ojú mi fún wọn. Fóònù ti wà lókè. Ó wá fi oríkì orílẹ̀ mi kádìí rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ọba ṣe ń ki olorì. N kò ní kọ ọ́ síbí. Kò sí ọmọ Ìgbómìnà tó gbọ́ ọ tí kò ní mọ ìlú mi àti agboolé mi.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin onífìlà ń nu ojú.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. "Kábíyèsí, kí lẹ ṣe yìí?"

"Kí ni mo ṣe? N kò dárúkọ rẹ."

"Ẹ kì mí!"

"Oríkì kì í ṣe orúkọ. Olorì, ṣé o rí wọn? Ẹkún ni wọ́n ń sun!"

"Ọkùnrin yẹn ṣì wà lọ́jà wa."

Ó ń wo àwọn tó kó wá. "Ta ni yóò gbé e dé ọ̀hún?"

Mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa fídíò tí wọ́n yà rẹ́. Wọ́n pa á rẹ́ lójú mi. Ó wá ku ọmọbìnrin tó pè mí ní olorì onírùngbọ̀n. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti gbé e síta." Ó yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ti mú un.

Kábíyèsí ti ń kó àwọn yòókù lọ sí Dùgbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni mo ti pe ìyàwó mi. "Kó àwọn ọmọ. Ẹ má gba ọ̀nà ọjà." Kò béèrè ìdí. Nígbà tó yá ló ní, "Kábíyèsí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹni tó jẹ iyán mi," ló sọ, ó pa fóònù.

Láti ìgbà náà a kò sùn nílé mọ́. N kò ní sọ ibi tí a wà. Aládùúgbò wa kan, tí kò mọ nǹkan kan, pè mí pé ọkùnrin kan tó ń gbé iṣu lọ́jà wá béèrè ìgbà tí a ó dé. "Èèyàn dáadáa ni o. Ó ní òun ń retí yín." N kò mọ̀ bóyá ó ti rí fídíò náà, bóyá ó kàn ń kí mi ni.

Kábíyèsí ń pè, n kì í gbé e. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Olorì, wọ́n ti ń ṣí géètì fún wa báyìí, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ ni gbogbo wọn ń béèrè. Má bẹ̀rù, mo ti yọ oríkì kúrò."

Mo kà á fún ìyàwó mi. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó ṣà á títí ó fi kan ìdí àwo, kó tó gbójú sókè.

"Ó yọ oríkì," ó ní. "Ṣé ó yọ ẹni tó ń gbé iṣu?"