Ìyá Ọkọ Mi àti Ẹja Ẹlẹ́nu-Ìsàlẹ̀

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá ọkọ mi, ìlú wọn ní Òkè-Ògùn ni wọ́n wà, àwọn nìkan nínú ilé. Aládùúgbò ló bá wọn nílẹ̀. Lẹ́yìn tí ọsibítù dá wọn sílẹ̀, ọkọ mi gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Bódìjà, a sì fún wọn ní yàrá ìsàlẹ̀ kí wọ́n má baà máa gun àtẹ̀gùn. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìyá ìjọ sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ìlú wọn. Ẹni tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù ni mo wá ń bá de bọ́tìnnì láràárọ̀.

Apá òsì ni àìsàn náà mú. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé, ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ̀. Ó kàn so rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé. Obìnrin kan máa ń wá láti ọsibítù láti bá wọn na ọwọ́ náà. Òun ló fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, ó ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ òsì fún un pọ̀.

Tí mo bá bi wọ́n pé, "Màámi, ṣé ẹ ti fún bọ́ọ̀lù yín lónìí?" wọn á ní, "Kí ni bọ́ọ̀lù náà ṣe mí tí n ó fi máa fún un lọ́rùn?"

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú wọn kì í rẹ́rìn-ín. Wọn á jókòó ti fèrèsé láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Wọn kì í bèèrè ohunkóhun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ra ẹja tútù kan ní ọjà Bódìjà. Ẹja ńlá ni, ìpẹ́ rẹ̀ tóbi, ó dúdú díẹ̀ lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ kò sí níwájú bíi ti ẹja yòókù. Abẹ́ orí ló wà, ètè rẹ̀ sì nípọn, ó rí bí ẹnu ọmọ tó ń mu ọmú. Mo gbé e sínú abọ́ ní kíṣìnì, mo ń wá ọ̀bẹ, ni Màámi bá wọlé pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó títí.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ọjà ni, mà. Ẹni tó tà á ní odò Ògùn ni wọ́n ti ń kó o wá."

Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n fi ìka kan ètè ẹja náà. "Ẹlẹ́nu-ìsàlẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi ń pè é nìyẹn. Wo ojú àwọ̀n lára rẹ̀, àwọ̀n ni wọ́n fi kó èyí. Ìwọ̀ ni bàbá mi fi ń mú un, láti etí omi."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Látìgbà tí wọ́n ti dé, wọn ò sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní bàbá wọn kò bí ọkùnrin lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn ni àkọ́bí, àwọn ni bàbá náà sì ń mú lọ sódò Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá fà tí òkúta bá yọrí. Wọ́n ní ẹja yìí kì í lé ekòló. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára òkúta inú omi ló ń lá. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ ìwọ̀ ní láti ní sùúrù tó ju ti ẹja lọ.

Bí ọkọ mi ṣe ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí kò tíì bọ́ bàtà, Màámi ní, "Gbé mi lọ sódò."

Ọkọ mi rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Odò wo, Màámi?"

"Odò Ògùn. Mo fẹ́ lọ pẹja."

"Màámi, dókítà ò sọ pé kí ẹ lọ sódò."

"Dókítà ní kí n máa lo ọwọ́ mi. Kò sọ ibi tí n ó ti lò ó."

Ọkọ mi wò mí pé kí n bá òun dá sí i. Èmi ń wo ìyá rẹ̀. Ojú wọn ti tan. Mo ní, "Èmi á gbé wọn lọ."

Èmi ni mo lọ ra okùn ọ̀rá àti ìwọ̀ lọ́jà Dùgbẹ̀. Ọkùnrin tó tà á fún mi bi mí bóyá ọkọ mi ló fẹ́ máa fi najú. Nígbà tí mo sọ pé ìyá ọkọ mi ni, ó rẹ́rìn-ín, ó tún wò mí bóyá mò ń ṣàwàdà, lẹ́yìn náà ló bọ́ sẹ́yìn ìsọ̀, ó mú okùn mìíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ wá. Ọ̀pá ọparun gígùn kan la gé lẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní Mọ́níyà.

Màámi fúnra wọn ló so ìwọ̀ mọ́ okùn. Ọwọ́ kan àti eyín ni wọ́n fi so ó. Okùn ń yọ̀ bọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n ń tún un ṣe. Mo na ọwọ́ láti bá wọn dì í mú, wọ́n mi orí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fà á wò, kò tú. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kìíní ní kíláàsì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gba Mọ́níyà kọjá, a wọ ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí a dé odò Ògùn, mo gbé ọkọ̀ dúró síbi tó tẹ́jú lẹ́bàá afárá, mo di Màámi mú, a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé etí omi. Wọ́n dúró wo odò náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Omi yìí kan náà ló gba ọ̀dọ̀ wa kọjá."

Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó jókòó sórí àga, ó ju ìwọ̀ sómi. Alájì ni, ọmọ Ìbàdàn, ará Baṣọ̀run. Ó ti fi òwò rẹ̀ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, etí odò ló ti wá ń lo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó bèèrè irú ẹja tí a wá mú. Nígbà tí Màámi sọ fún un, ó mi orí.

"Ha, Màmá. Ìyẹn kì í jẹ ìwọ̀. Àwọn aláwọ̀n ló ń rí i mú."

"Ó máa ń jẹ ẹ́, Alájì," ni Màámi fèsì jẹ́jẹ́. "Ó kàn máa ń pẹ́ kó tó gbà ni."

Lọ́jọ́ náà, ó pẹ́ lóòótọ́, kò sì gbà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e náà, kò gbà. Òjò ìparí ọdún pa wá nígbà kan, a sá wọ inú ọkọ̀, a ń gbọ̀n. Ọkọ mi bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan, oorun ló sùn lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan. Màámi tó jẹ́ pé èmi ni mò ń wọ̀ wọ́n láṣọ tẹ́lẹ̀, tó bá di Sátidé, wọ́n á ti wọṣọ tán kí n tó jí. Bọ́tìnnì lè wọ́, gèlè lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ àwọn ló ṣe é.

Wọ́n ń kọ́ mi pẹ̀lú. Wọ́n fi ojú òkúta hàn mí nínú omi, níbi tí àwọ̀ ewé ti bò ó. Láàárín rẹ̀ ni ibì kan ti mọ́ fefe, bí abọ́ tí ọmọdé lá. "Ètè rẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ibí ló ti jẹun láàárọ̀. Á padà wá." Wọ́n ní kí n ha ohun tó ń yọ̀ náà lára òkúta, wọ́n pò ó mọ́ ẹ̀kọ tútù àti gààrí díẹ̀ títí ó fi ki, wọ́n sì rọ ọ́ mọ́ ìwọ̀ bí òkèlè tín-ín-rín. Ìdẹ wọn nìyẹn.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni omi fà dáadáa, tó sì mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màámi jókòó sórí iyanrìn, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ òkúta kan. Wọ́n bọ́ ìborùn wọn, wọ́n nà án sí mi.

"Ìyàwó mi, di ọwọ́ òsì mi mọ́ ọ̀pá yìí."

"Màámi, tí ẹja bá fà yín ńkọ́?"

"Kó fà mí. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti fa ọwọ́ yìí kẹ́yìn."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo dì í. Mo fi ìka wọn ká ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wé ìborùn náà yí ọrùn ọwọ́ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún wà lókè tirẹ̀. Wọ́n ju ìdẹ sí ẹ̀bá òkúta tó mọ́ fefe náà, a sì ń wo okùn.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí okùn rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò já, kò ta. Ó kàn yẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ètè kan omi gbígbóná. Mo fẹ́ pariwo, Màámi mi orí fún mi. Okùn tún yẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n gbé ọ̀pá sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọparun náà tẹ̀ kọrọdọ. Omi ru. Mi ò mọ̀ pé ẹja inú omi lè lágbára tó bẹ́ẹ̀. Màámi fò sókè lórí iyanrìn níbi tí wọ́n jókòó sí, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lára òkúta, wọ́n ń wọ́ lọ sínú omi. Mo sáré gbá wọn mú ní ìbàdí láti ẹ̀yìn.

Alájì ti dìde lórí àga. "Ẹ gé okùn! Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gé e!"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé okùn mi!"

Ohùn ọ̀gá ilé ìwé ni. Alájì dúró gbagidi síbi tó wà. Èmi náà, mo di ìbàdí wọn mú ṣinṣin.

Wọn kò bá ẹja náà fa agbára. Tó bá fà, wọ́n á jẹ́ kí ọ̀pá tẹ̀ lé e; tó bá sinmi, wọ́n á gbà á padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n gbé àwọn dìde. A jọ ń rìn létí omi, èmi lẹ́yìn, àwọn níwájú, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nínú iyanrìn, wọ́n sì ń da ẹja náà lọ síbi tí omi ò ti jìn. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. "Máa bọ̀. Rọra. Ó ti rẹ èmi náà." Lábẹ́ ìborùn, mo rí i pé ìka òsì wọn ti funfun níbi tó ti di ọ̀pá mú. Kì í ṣe ìborùn nìkan ló dì í mú. Àwọn ìka náà ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹja náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú omi kékeré, Alájì kò dúró ká ṣòkòtò. Ó wọ omi taṣọtaṣọ, ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e jù sórí iyanrìn. Ó gùn tó apá mi láti èjìká dé ìka. Ìpẹ́ rẹ̀ ń dán bí fàdákà, ètè rẹ̀ ṣì ń fà, ó ń fà.

"Alihamudulilahi," ni Alájì wí, omi ń kán lára rẹ̀. "Màmá, látìgbà tí mo ti ń wá síbí, mi ò rí èyí rí."

Màámi jókòó síbi tí wọ́n wà. Wọ́n ń mí gúlegúle. Mo tú ìborùn, ọrùn ọwọ́ wọn ti pọ́n, ó wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò mọ ìdí. Wọ́n wò mí.

"Má sunkún. Bá mi pe ọkọ rẹ."

Mo pè é, mo gbé fóònù sí wọn létí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbé ìkòkò kaná," wọ́n sì ní kí n pa fóònù.

Alájì gé e sí méjì níbẹ̀, nítorí Màámi taku pé ìdajì jẹ́ tirẹ̀. Ó ní òun ò lè gbà á, wọ́n ní ẹni tó wọ omi nítorí ẹja ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó pa á. Ní alẹ́, a jẹ ọbẹ̀ ata rẹ̀ ní Bódìjà. Ẹja eléegun ni, eegun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó gba pé kí èèyàn jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkọ mi ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Obìnrin tó ń wá láti ọsibítù bínú gan-an nígbà tó rí ọrùn ọwọ́ tó wú. Lẹ́yìn tó bínú tán, ó ní kí wọ́n di ìka òun mú. Wọ́n dì í mú. Ó fẹ́ fà á yọ, kò yọ bọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

N ò ní parọ́ pé ọwọ́ náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò padà. Wọn ò lè fi í ta kókó mọ́, ife omi tó bá kún sì máa ń wúwo fún un. Ṣùgbọ́n ó ń di nǹkan mú, ó ń de bọ́tìnnì. A ń lọ sódò títí òjò fi dé. Wọ́n mú ẹlẹ́nu-ìsàlẹ̀ mìíràn, èyí tó kéré, Alájì náà sì fi ìdẹ wọn mú ọ̀kan, ó pariwo débi pé àwọn èèyàn dá ọkọ̀ dúró lórí afárá.

Lẹ́yìn Àjíǹde, Màámi pe èmi àti ọkọ mi sí pálọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sílé àwọn. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, èmi náà bẹ̀ wọ́n, àti láti ọkàn mi ni mo fi bẹ̀ wọ́n, torí ilé náà kò ní rí bákan náà fún mi mọ́. Wọ́n gbọ́ wa tán, wọ́n ní, "Ẹ ṣé. Mo gbádùn yín. Ó ti tó kí n lọ máa ṣí ilẹ̀kùn ilé mi fúnra mi."

A gbé wọn lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́ kí n bá wọn ṣí i. Wọn ò fún mi. Wọ́n gbé e sí ọwọ́ òsì, wọ́n ń wá ihò rẹ̀, ó ń yẹ̀, ó ń yẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti pé jọ sẹ́yìn wa. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́, títí ilẹ̀kùn fi ṣí.