Awwal Télọ̀, Bàbá Kérésì Àgùdà

Awwal Télọ̀ ni Bàbá Kérésì wa ní Àgùdà. Mùsùlùmí ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kì í pa ìrun jẹ. Èmi ní tèmi, Mẹ́tọ́díìsì ni mí, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí Awwal ti ń ṣe Bàbá Kérésì ni mo sì ti ń ṣe olùkọ́. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé kí ló dé tí a kò mú onígbàgbọ́. Mo ní ikùn rẹ̀ la fẹ́ lò, kì í ṣe ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Ta ni nínú wọn tó lè rẹ́rìn-ín tí ikùn rẹ̀ á máa mì bí i ti Awwal?

Òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ pupa náà. Nígbà tó ya ní ìgúnpá, àjákù aṣọ ilé-ìwé Lucy, ọmọ mi, ló fi lẹ̀ ẹ́. Ojú rọ́bà tí a rà fún un ní Sábó burú, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ti rí àlẹ̀mọ́ ìgúnpá yẹn, wọ́n á mọ̀ pé tiwa nìyí, wọ́n á sì du itan rẹ̀ jókòó.

Awwal àti Jemilat, ìyàwó rẹ̀, kò bímọ. Wọ́n ti sá sókè sá sódò títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nínú ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ọmọ ń kún itan Awwal. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kò ní fi ọjọ́ yẹn ṣeré.

Láyíwọlá fi ṣeré. Òun ló ń yá wa ní fídíò ní Ìpọ̀nrí, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ. Ó ní fíìmù òyìnbó kan tí apànìyàn rẹ̀ ń wọ aṣọ Bàbá Kérésì, tó ń gbé àáké kiri láti ilé dé ilé. Àwọn ọmọ wa ti wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Ìlú tí yìnyín bò, kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Àfi bí Láyíwọlá ṣe ní òun fẹ́ tún un ṣe ní Yorùbá, ní Àgùdà níbí.

Ó tọ Awwal lọ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní aṣọ, ẹ̀yin lẹ ní ìdúró. Ẹ máa di sítáà!”

Inú Awwal dùn bí ọmọdé. Mo ní, “Awwal, aṣọ tí àwọn ọmọ mọ̀ nìyẹn o. Rán òmíràn.”

“Ìyá Lucy, eré mà ni. Ta ni ò mọ̀ pé eré ni?”

Télọ̀ tó ń rán ti gbogbo ayé, kò ráyè rán ti ara rẹ̀.

Tòmátì alágolo ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n Awwal mọ̀ ọ́n ṣe, ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Kì í sáré. Á máa rìn jẹ́jẹ́, á máa rẹ́rìn-ín tí a mọ̀ mọ́ ọn yẹn, àáké á wà lọ́wọ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n yìnbọn fún un, ó ṣubú. Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Kámẹ́rà wá sún mọ́ ojú rẹ̀, ojú là pàà! Ẹ máa retí apá kejì.

Láyíwọlá fi fíìmù náà han àwọn ọmọ àdúgbò lọ́sàn-án Sátidé kan, kí Kérésì tó dé. Lucy wálé, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. “Mọ́mì, àlẹ̀mọ́ aṣọ mi wà lápá ẹ̀.”

Lọ́jọ́ àríyá ilé-ìwé wa, Awwal gbé àpò wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Yéè! Ibi gbogbo fọ́nká. Àwọn ọmọ gba ojú fèrèsé. Awwal sáré bọ́ ojú rọ́bà náà, ó ń pariwo pé, “Èmi ni! Bọ̀dá Awwal ni!” Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá, nítorí wọ́n ti mọ ilé apànìyàn báyìí.

Láti ọjọ́ náà, òdì kejì títì lọmọ ń gbà bó bá fẹ́ kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Jemilat ní kò jẹun mọ́. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Ọjọ́ Kérésì dé. Bí Awwal àti Jemilat ṣe ń fi ẹran ránṣẹ́ sí wa ní Iléyá ni àwa náà ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí wọn, ọmọ ló sì ń gbé e lọ. Lucy ní òun ò lọ.

“Iṣẹ́ ọmọ ni,” mo ní. “Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.”

A bá Awwal nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, aṣọ pupa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi abẹ tú àlẹ̀mọ́ náà. Kò gbójú sókè.

Lucy gbé abọ́ kalẹ̀. “Ẹ má tú u. Tèmi ni.” Ó mú rúlà onígi orí tábìlì, ó fi gún un nínú. “Mo ti pa yín.”

Awwal ṣubú gbì.

“Kí ló ṣubú yẹn?” Jemilat kígbe láti ilé ìdáná. Lucy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń dúró dè é kó là bíi ti inú fíìmù. Kò là. Eṣinṣin bà lé e nímú, ó rìn dé ètè. Kò là. Lucy wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Bọ̀dá, ẹ lè dìde.”

Ìgbà yẹn ló tó lajú. Lucy gun ikùn rẹ̀, ó jókòó, ó ní bàtà pupa lòun fẹ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ àdúgbò ti tò síbẹ̀, wọ́n ń gba rúlà lọ́wọ́ ara wọn. Awwal kú títí ohùn rẹ̀ fi há. Jemilat fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń wo ilé rẹ̀ tó kún fọ́mọ, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n.

Ọdún tuntun ò tíì gbó tí Láyíwọlá fi dé. Apá kejì lọjà ń bèèrè.

“Ó ti kú,” ni Awwal wí, kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, kò kú o! Ṣebí ó lajú?”

“Lọ bi Lucy. Òun ló pa á. Ó ṣojú mi.”